Ọ̀gá Ẹ̀rọ àti Géèmù Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Nẹ́tíwọ̀kì

Bí ìgbéraga bá ń mú èèyàn sanra ni, Ọ̀gá Ẹ̀rọ ì bá ti há sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù ló ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ Àràbà Géèmù, Ọlọ́gbọ́n-tó-ń-kọ́-kọ̀ǹpútà-níwèé.

Ọgbọ́n náà rèé. Géèmù bọ́ọ̀lù kan wà tó jẹ́ pé orí nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ti ń ra àṣẹ rẹ̀: àṣẹ kan, ẹnì kan, ẹ̀rọ kan. Ọ̀gá ra ẹyọ kan. Ó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo eyín níta bí ẹni ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Ó wá kó géèmù náà sínú ẹ̀rọ méjìlá, ó tà á fún èèyàn méjìlá. Ẹ̀rọ tí kò bá rí nẹ́tíwọ̀kì, ta ni yóò ṣòfófó fún?

Aránṣọ kan nínú àwọn méjìlá náà bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tèmi ni géèmù inú rẹ̀?"

"Tìẹ ni, àbúrò, tìrandíran. Ṣáà má jẹ́ kó rí nẹ́tíwọ̀kì."

"Kí ló dé?"

"Kì í bá a lára mu. Òtútù ló máa ń mú un."

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa yan alága pé. Ọ̀gá ti ra àga alága sílẹ̀, èyí tó ń yí po. Ó ní kí àwọn oníbàárà méjìlá gbé ẹ̀rọ wọn wá sí gbọ̀ngàn, kí ẹgbẹ́ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ akọni. Bọ́ọ̀lù ń lọ lójú ẹ̀rọ méjèèjìlá, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá jókòó, ó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní kí ìyàwó òun pe àwọn àna lórí fóònù, kí wọ́n fojú rí òun lórí àga.

"Dádì, dátà mi ti tán," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Gba tèmi. Alága kì í ṣahun."

Ló bá tan nẹ́tíwọ̀kì fóònù rẹ̀ fún un. Àràbà gbàgbé pé nẹ́tíwọ̀kì yìí kan náà ló fi kó géèmù sínú gbogbo ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé ojúlùmọ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sáré dì mọ́ ọn. Ọjọ́ gbogbo ni ti ẹ̀tàn, ọjọ́ kan ni ti dátà.

Bọ́ọ̀lù dúró sójú òfuurufú. Ọ̀rọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ méjèèjìlá: "Ẹnì kan ṣoṣo ló ra géèmù yìí. Òun nìyí." Lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá wà, tó ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀, nígbà méjìlá.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àbí òtútù ti mú un?"

Ẹ̀rín bú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ mú kálámù, ó fagi lé orúkọ Ọ̀gá nínú àwọn tó ń du ipò. Ọ̀gá fẹ́ dìde, àga yí i padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn.

Ibẹ̀ ni ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ti jáde nínú fóònù, ketekete:

"Ọkọ ọmọ mi, a ti ń rí ọ o. Ẹ̀yin mẹ́tàlá la ń rí. Èwo ni alága nínú yín?"