Ilẹ̀kùn Kejì Lẹ́yìn Họ́ọ̀lù Ńlá

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé abéèrè kì í ṣìnà? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé arìnrìn-àjò kan ló dé oríta. Kò sí oríta níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn họ́ọ̀lù ńlá kan ni, ní yunifásítì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí yunifásítì tó dé, kí ó lọ mú ẹlẹ́rìí wá.

Mojírádé ni orúkọ ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà dé bá. Ó ti lo oṣù méjì ní ọdún kìn-ín-ní, kò sì tíì ní ẹnì kan tó lè pè ní tirẹ̀. Òun nìkan ló ń jẹun, òun nìkan ló ń rìn lọ sí kíláàsì. Lọ́jọ́ tí ibà mú un, òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ara ti yá?" Òun náà ló dáhùn pé, "Ó ti ń yá díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣeun."

Nígbà tó gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Arábìnrin Ìràwọ̀ ń gba ọmọ tuntun, kíá ló forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀kan nínú wọn bá wúkọ́, mẹ́wàá á gbé omi gbígbóná wá. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn o. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe tiwọn, Díìnì tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ wọ́n. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn àṣírí bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀:

"Wá ní aago méje àárọ̀ ọ̀la. Ilẹ̀kùn kejì lẹ́yìn họ́ọ̀lù ńlá. Wọ funfun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìdánwò rẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, ṣe é. Bí o bá béèrè ìbéèrè kan péré, o ti kùnà. Àwa ni, Ẹgbẹ́ Arábìnrin Ìràwọ̀."

Ilẹ̀kùn kejì láti apá ọ̀tún ni, àbí láti apá òsì? Ìwé kò sọ. Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀, sẹ́kúríítì kan jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń rin pákò.

"Ọmọ mi, ta lò ń wá?"

Mojírádé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka di ètè, ó ka ilẹ̀kùn láti apá ọ̀tún, ó sì wọlé.

Láti apá òsì ni ti Arábìnrin Ìràwọ̀. Ilé ìdáná ló wọ̀.

Obìnrin mẹ́fà ló bá níbẹ̀, gbogbo wọn wọ funfun. Olórí wọn, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ti ń bẹ ọ́fíìsì láti oṣù tó kọjá pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá ran àwọn lọ́wọ́.

"Ọlọ́run ṣeun! Wọ́n ti rán ẹni tuntun. Ṣé o lè bẹ iṣu?"

Mojírádé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é, mà."

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí."

Ó bẹ àádọ́ta iṣu lọ́jọ́ náà. "Ìdánwò sùúrù," ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó gé àlùbọ́sà agbọ̀n méjì, omijé bo ojú rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè sunkún fún arábìnrin mi." Wọ́n ní kó fọ ìkòkò kan tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀, ó sì kó tọwọ́ tẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni ọjọ́ orí wọn. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún! Ẹgbẹ́ yìí mà jinlẹ̀ o. Àgbàlagbà tó ti gboyè jáde láyé àtijọ́, tó tún padà wá díbọ́n bí alásè nítorí ọmọ tuntun kan ṣoṣo! Bí ìyá náà bá sì ń ṣépè fún sítóófù tó kọ̀ tí kò jó, Mojírádé á mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ni èyí máa jẹ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ikọ́ mú un. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún bu omi ọbẹ̀ gbígbóná fún un, ó rọ ata sí i. "Mu ún, ọmọ mi. O ti rù jù." Àwọn méjèèje jókòó yí àwo kan ká, wọ́n jẹun pọ̀. Mojírádé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Kò fẹ́ kùnà rárá.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Àsè Arábìnrin Ìràwọ̀ ni wọ́n fẹ́ sè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún fa tòlótòló kan wọlé, ó tóbi bí ọmọ ewúrẹ́. Ó na ọ̀bẹ sí Mojírádé.

"Òní lo máa di tiwa pátápátá. Pa á."

Ìbúra dé nìyí! Mojírádé fẹsẹ̀ tẹ ìyẹ́ ẹyẹ náà mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó dijú, ó sì ké:

"Mo fi ẹ̀jẹ̀ yìí búra! N kò ní tú àṣírí ẹgbẹ́ wa títí ikú! Ẹni tó bá dalẹ̀ arábìnrin rẹ̀, kó rí bí ẹyẹ yìí ṣe máa rí!"

Ṣíbí ẹnì kan já bọ́ sínú epo gbígbóná.

"Ẹ... ẹgbẹ́ wo?" ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Mojírádé ṣẹ́jú sí i. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, mà. Ẹgbẹ́ wa."

"Yéè! Ẹgbẹ́ òkùnkùn ti wọ ilé ìdáná! Mo gbé o!"

Ọ̀kan bẹ́ gba ojú fèrèsé. Òmíràn ru ìkòkò ọbẹ̀, ó sá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tòlótòló náà kò dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Ká tó wí ká tó fọ̀, Mojírádé ti wà níwájú Díìnì.

"Kí lorúkọ ẹgbẹ́ yín?"

Mojírádé fi ìka di ètè. Ìdánwò ìkẹyìn ló pè é.

"Ta ni olórí yín?"

Ó tún ṣẹ́jú sí Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. Ìyá náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Ẹ gbà mí, sà! Ọmọ yìí fẹ́ kó bá mi!"

Díìnì fa bébà yọ láti kọ ìwé tí wọ́n fi ń lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ìgbà náà ni sẹ́kúríítì rí ìwé ẹgbẹ́ nínú àpò ọmọ náà. Díìnì kà á, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ránṣẹ́ pe Sístà Mobọ́lájí, ààrẹ Arábìnrin Ìràwọ̀.

"Mojírádé kẹ̀?" ni Mobọ́lájí wí. "Mojírádé ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, sà. Àárọ̀ yìí ló búra. Òun rèé!"

Obìnrin kan tó ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta jáde láti ẹ̀yìn Mobọ́lájí, ọ̀já oníràwọ̀ gbòòrò láyà rẹ̀.

Díìnì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mà, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín?"

"Èmi? Múyìbátù lorúkọ mi, sà. Alásè ni mí. Ọ́fíìsì ló ní kí n gba ilẹ̀kùn kejì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláròyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ni mi ò fi béèrè. Wọ́n ń pè mí ní Mojírádé, mo ń jẹ́ ẹ. Wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, mo gbà. Wọ́n ní kí n kọ́ orúkọ gbogbo àwọn tó dá wọn sílẹ̀ sórí, mo kọ́ ọ. Mo kàn ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa fi ìkòkò hàn mí ni."

Díìnì kọjú sí Mobọ́lájí. "Ẹ ò rí i pé ó dàgbà ni?"

"A rí i, sà. A rò pé ìdánwò àṣewọlé ló hàn án léèmọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mojírádé wo Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. "Ẹ̀yin... ẹ kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n bàbá ta ni?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Díìnì fa ìwé rẹ̀ ya. Ìtìjú mú Mobọ́lájí, ó ní, "Má sunkún mọ́. Wá lọ́la, a ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún dìde nílẹ̀. "Ìdánwò wo? Ọmọ tó fọ gbogbo ìkòkò mi láì ráhùn? Ẹ gbà á báyìí, àbí kí ẹ lọ dáná fúnra yín lálẹ́ yìí!"

Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí Múyìbátù bọ́ ọ̀já rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun tó mọ orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ ju ààrẹ lọ, ta ló máa bọ́ ọ lọ́rùn òun?

Lálẹ́, wọ́n jókòó, ọmọ ẹgbẹ́ àti alásè, Mojírádé wà láàárín wọn. Ìrẹsì dé, kò sí ẹran lórí rẹ̀. Kálukú ti rò pé ẹlòmíràn ti béèrè ibi tí tòlótòló gbà lọ. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wo àwo, ó wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣáà máa dákẹ́," ló wí. "Abéèrè kì í ṣìnà."