Káàdì Méjì fún Ìyá Hadassah

"Káàdì kan lè ṣì sọ. Méjì? Láéláé!"

Bámigbóyè ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ tó ń tún fóònù ṣe ní Okumagba Layout, ní Warri. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé "mi ò mọ̀." Ìgbà tó wá ra káàdì táróò, páálí aláwòrán méjìdínlọ́gọ́rin tí àwọn òyìnbó fi ń wo ọjọ́ iwájú, àìsàn náà wọ egungun. Méjì méjì ló ń ṣí i. Ó ní igi kan kì í dágbó ṣe, káàdì kan kì í dá ẹjọ́ rò.

Ọdún mẹ́rin ló fi lé Hadassah kó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Ìyá ọmọ, ẹlẹ́ja ni, etí omi ló ti ń tajà. Bámigbóyè kò fojú kàn án rí. Mo ní kó lọ kí i kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé. Ó ṣí káàdì méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìyá. Pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún ń lọ wò?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òórùn ẹja wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá kan sì tẹ̀lé e wọlé: ó dúdú, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Ta ló júwe ọ̀nà fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

"Ọmọ mi, ọkùnrin kan ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi ní Sátidé. Irú èèyàn wo ni?"

Bámigbóyè ṣí káàdì tí wọ́n ń pè ní Òmùgọ̀. Ó ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Òṣùpá. Ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, Òmùgọ̀ nìkan, ìrìnàjò ni. Òṣùpá nìkan, àlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n pọ̀! Ajá kan nínú àwòrán yìí, méjì nínú tọ̀hún: ajá mẹ́ta ń gbó ọkùnrin yìí! Òmùgọ̀ tó ń fi òkùnkùn bora ni. Ẹnu lásán!"

"Yéè! Ṣé kí n lé e?"

"Rárá o. Kó wá máa ha ìpẹ́ ẹja fún yín ní gbogbo Sátidé, oṣù mẹ́fà gbáko. Ẹ ó mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀."

Ìyá fi fóònù ya káàdì méjèèjì.

Sátidé dé. Bámigbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ àwọn àna ní Effurun. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ìyá náà.

"Má dìde," ni ìyá wí. Ó na fóònù sí i lójú. "Túmọ̀ eléyìí fún ẹbí."

Ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀, oníbàárà káàdì rẹ̀ ni wọ́n. Bó bá ní káàdì purọ́, ó parí fún un ní Warri. Bó bá ní òótọ́ ni...

"Ìrìnàjò ni, Màmá."

"Ìyẹn ọ̀kan. Méjèèjì pọ̀ ńkọ́?"

Hadassah náà dá sí i: "Bámi, abeg, answer my mama."

Kápẹ́ẹ̀tì ni Bámigbóyè dá lóhùn. "Òmùgọ̀ ni, Màmá."

"Ṣé káàdì purọ́?"

"Káàdì kì í purọ́."

"Ó káre. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀. Mú ọ̀bẹ lọ́wọ́."

Oṣù méjì rèé. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ ó bá a lórí àpótí kékeré, ìpẹ́ ẹja nínú irùngbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan bi í bóyá òjò máa rọ̀. Ó wojú sánmà. Ó wo ojú ìyá ìyàwó.

"Mi ò mọ̀," ló wí, ó sì mú ẹja mìíràn.