Àyàṣáájú àti Ọfà Ojú Kóòtù

Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rín a máa ti èèyàn ṣubú.

Ọkùnrin kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá; Àyàṣáájú ni gbogbo ìlú ń pè é. Bó bá fẹ́ yọ ní kọ̀rọ̀ ilé, àyà rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí orí tó dé. Ẹsẹ̀ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tí wọn kò pè síbi ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ló ń pàṣẹ ibi tí ọkọ̀ máa gbà, ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, àti ibi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa gbé ẹsẹ̀ lé. Wọ́n fún un ní báàjì idẹ kan tó tóbi tó ọmọrí ìkòkò, ó sì gbé e kọ́ àyà ọ̀hún. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin ní ọ́fíìsì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ni kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n máa wo báàjì.

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wo oòrùn ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ẹni tó bá gbé omi wá fún un, yóò yí tábìlì po títí yóò fi kojú sí i, yóò wá na ọwọ́ kọjá orí ìwé. Bí omi bá dà, ìwé ló jẹ̀bi.

Àyàṣáájú, ọkọ oríta. Àyàṣáájú, a-tọ́ka-síbi-tí-kò-dé-rí. Ìlú ń bẹ lórí ẹ, kò sí lẹ́sẹ̀ ẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí i lójú rẹ̀, òun rò pé oríkì ni, ó ń mi orí.

Nígbà tó yá, ìjọba kọ́ kóòtù tuntun sí àárín ìlú. Ilé gogoro, fèrèsé rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àyàṣáájú ni wọ́n ní kó ṣètò ọ̀nà ibẹ̀. Àyè ọkọ̀ mẹ́wàá ló wà níwájú kóòtù, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí mẹ́fà.

"Sà, ṣebí ọkọ̀ mẹ́ta lẹ ní," Ọlọ́dà wí. Ọlọ́dà ni ọkùnrin tó ń kun pátákó fún un.

"Ọkọ̀ mi kì í sùn lójú kan."

Mẹ́fà náà kò tó o. Àwọn àgbà ní ojúkòkòrò kì í ní ìdérí, tèmi ni pé kò ní ìsàlẹ̀ pàápàá. Ìsọ̀ kan wà ní oríta, yàrá kan péré. Opó kan ló ni ín, Ìyá Aránṣọ là ń pè é. Iwájú ni mọṣíìnì rẹ̀ méjèèjì wà. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ibùsùn rẹ̀. Ìsọ̀ ni, ilé náà ni. Àyàṣáájú wò ó títí, ó rí i pé bí wọ́n bá wó o, ibẹ̀ á dára fún ìbòji ọkọ̀ òun. Ó bá pe obìnrin náà lẹ́jọ́. Ó ní ìsọ̀ rẹ̀ dí ojú àmì ìjọba.

Wọ́n fi ẹjọ́ náà sí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí kóòtù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Òfin ibẹ̀ kò lábùlà: akọ̀wé kóòtù á pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí olùjẹ́jọ́ kò bá jẹ́, ilé rẹ̀ ti lọ. Bí olùpẹ̀jọ́ ni kò bá jẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí ta. Ọ̀nà méjì ló kúrò ní oríta náà lọ sí kóòtù. Ti òsì kúkúrú, kí èèyàn tó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ti ọ̀tún ń gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó há mọ́ àárín ògiri méjì lọ́dọ̀ àwọn amọ búlọ́ọ̀kù, ó wá gun àtẹ̀gùn jàn-ànràn jan-anran kó tó yọ sẹ́yìn kóòtù. Orúnkún Ìyá Aránṣọ sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún mẹ́ta.

"Ọ̀nà gígùn ni n ó fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn," Àyàṣáájú sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Pẹ̀lú orúnkún yẹn, aago mọ́kànlá ló máa dé."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ni mo máa wà. Ọ̀nà kúkúrú lọ̀nà ọkọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lẹ fún lọ́nà gígùn, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ fún ní kúkúrú?"

"Ohun tí à ń pè ní ètò nìyẹn."

Ó ní kí wọ́n ri òpó irin mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ̀nà gígùn, kí ọkọ̀ kankan má lè gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Ọlọ́dà. Ọlọ́dà tú bébà ńlá tó ní àwòrán ìlú, ó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ká a," Àyàṣáájú wí. "Ìlú wà lórí mi."

Ó dìde, ó yọ àyà, ó na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọlọ́dà dúró níwájú rẹ̀ bí òfin ṣe wí, ojú kan ojú, imú kan báàjì.

"Kóòtù wà níwájú mi. Ọkọ̀, ibí," ó ju ọwọ́ òsì. "Afẹsẹ̀rìn, ibí," ó ju ọwọ́ ọ̀tún.

Ọlọ́dà họ orí. "Sà, ẹ jẹ́ kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín díẹ̀."

"Dúró síbi tó o wà."

"Torí òsì yín yìí, ọ̀dọ̀ ọ̀tún tèmi ló bọ́ sí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

"Ṣé èmi ni kí n máa ronú nípa ọ̀tún ẹ? Kí lo rí?"

"Ọwọ́ yín ni mo rí, sà."

"Ohun tó o rí ni kó o kùn."

Ọlọ́dà lọ, ó kun ohun tó rí. Òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Ó ya ọkọ̀ kékeré kan, ó fi ọfà sí i, ọfà na ẹnu sí ọ̀tún. Ó ya èèyàn kan tó ń rìn, ó fi ọfà sí i, ọfà na ẹnu sí òsì. Ìsàlẹ̀ wọn ló kọ orúkọ ọ̀gá sí, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ àti èèyàn pa pọ̀. Ó ní kí ọ̀gá wá wò ó. Ọ̀gá ní ẹni tó bá gbin igi kì í lọ máa ka ewé. Wọ́n fi aṣọ funfun bo pátákó.

Ọjọ́ pé. Adájọ́ ti wọlé láti kùtù, kí wọ́n tó fi okùn dí ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, èrò ti kún oríta: lọ́yà nínú ọkọ̀, àwọn aládùúgbò lórí ìdúró, àwọn ọ̀gá àgbà tó fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ìyá Aránṣọ jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, ìwé ìpè rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ó ń wo ilẹ̀kùn kóòtù gbangba. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀nà gígùn ni wọ́n máa ní kó gbà. Kò jẹun láàárọ̀ náà.

Àyàṣáájú dé sídìí pátákó. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, torí ibi tí èrò bá wà ni àyà gbọdọ̀ wà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa aṣọ.

"Láti òní lọ," ó wí, "ẹnikẹ́ni tó bá lòdì sí ọfà yìí, kí wọ́n mú un jókòó sídìí pátákó títí di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó ga ju ọfà lọ. Èmi gan-an kò ga jù ú lọ."

Wọ́n tú okùn ọ̀nà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun ń wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Kò yíjú.

Ìyá Aránṣọ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọfà kì í ṣe ìwé. Ó wò ó, ó nu ojú, ó tún wò ó. Ó lọ bá ọlọ́pàá ojú títì.

"Ọmọ mi, ẹni tó ń rìn yẹn, ṣé ọ̀dọ̀ ibí ni wọ́n ní kó gbà?"

"Ohun tí pátákó wí náà ni, ìyá."

"Ọ̀nà kúkúrú yìí?"

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín o. Ẹ tẹ̀ lé ọfà."

Ìyá Aránṣọ kò bèèrè mọ́. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì ìlú tẹ̀ lé e. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń bá akọ̀wé kóòtù rán bọ́tìnì tó já lára aṣọ dúdú rẹ̀.

Àyàṣáájú ti wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó mú dígí kékeré jáde, ó ń fi aṣọ nu báàjì.

"Sà," dírẹ́bà wí, "ọfà ní kí á yà sọ́tùn-ún o."

"Ta ló ṣe ọfà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó tán."

Dírẹ́bà yà sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ méjìlá tò tẹ̀ lé e, ti lọ́yà Àyàṣáájú ló ṣe ìkẹta. Wọ́n kọjá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Wọ́n wọ àárín ògiri méjì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń ha ògiri tọ̀tún tòsì. Ọkọ̀ dúró.

"Kí ló dé?"

"Òpó ni, sà."

"Òpó wo?"

"Èyí tí ẹ ní kí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ kankan má baà gba ibí."

Àyàṣáájú gbé dígí sílẹ̀. "Fi ẹ̀yìn rìn."

"Ọkọ̀ méjìlá wà lẹ́yìn wa."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fẹ̀yìn rìn."

Dírẹ́bà yọ orí síta, ó pariwo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dá a lóhùn, ó kó orí wọlé. "Wọ́n ní àwọn ò lè lòdì sí ọfà, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́."

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí, ògiri kò gbà. Fèrèsé ló kù. Àyàṣáájú gbé àyà sí i. Àyà jáde, ìyókù kọ̀. Ó wà báyìí, ìdajì ọ̀gá nínú ọkọ̀, ìdajì ọ̀gá lójú ọ̀run, àwọn amọ búlọ́ọ̀kù sì jókòó sórí ògiri, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ fà mí," ó wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ẹni tó dàgbà nínú wọn dáhùn. Ó yíjú sí èkejì. "Bu omi wá. Bí búlọ́ọ̀kù bá lẹ̀ mọ́ inú irin tí a fi ń mọ ọ́, omi la fi ń yọ ọ́."

Wọ́n bu omi lù ú, wọ́n fà á. Nǹkan kan ya, wọn kò mọ̀ bóyá aṣọ ni tàbí ọkọ̀. Ó já sí orí ògiri, ó já sínú sìmẹ́ńtì, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Lọ́yà rẹ̀ náà gba fèrèsé tirẹ̀ jáde, ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù ti pe orúkọ Àyàṣáájú lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò jẹ́. Adájọ́ mú bírò. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogún ni ilẹ̀kùn ṣí, nǹkan funfun kan sì wọlé. Báàjì ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Ó kojú sí adájọ́, ó yọ àyà. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wá rí ohun tí adájọ́ kò rí: ṣòkòtò ọ̀gá ti là láti ìdí dé itan. Obìnrin kan bo ojú ọmọ rẹ̀. Ó gbàgbé láti bo tirẹ̀.

"Mo ti fẹ́ fagi lé ẹjọ́ yín," adájọ́ wí. "Kí ló dá yín dúró?"

"Ọ̀nà ni, Olúwa mi."

Adájọ́ jẹ́ ẹni tó ní sùúrù. "Bó bá jẹ́ pé àmì ojú títì ló ṣì yín lọ́nà, ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn. N ó sún ẹjọ́ náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé àmì náà kò dára ni?"

Ìyá Aránṣọ di bẹ́ǹṣì mú. Lọ́yà sáré dé ẹ̀gbẹ́ Àyàṣáájú, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. "Ẹ ní kò dára," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré. Kò dára."

Àyàṣáájú wo apá ibi tí àwọn ọ̀gá àgbà láti ilé iṣẹ́ ìjọba jókòó sí. Ó gbé ọ̀rọ̀ méjì náà dé ètè. Ọ̀rọ̀ wúwo.

"Olúwa mi, àmì tí èmi bá ṣe kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Lọ́yà jókòó.

"Àmì dára?"

"Ó dára gan-an."

"Ẹ sì tẹ̀ lé e?"

"Mo tẹ̀ lé e, Olúwa mi. Títí dé ìdí òpó."

"Òpó tó dí ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ṣé òpó ni kò dára?"

"Òpó dára. Èmi ni mo ní kí wọ́n rì í."

"Àmì dára, òpó dára, ẹ kò sì débí lásìkò." Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí wá ni kò dára?"

Ẹ̀rín kan jáde níbi ìjókòó ẹ̀yìn, ẹnì kan gbà á, ó fún ẹnì kejì, kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà. Akọ̀wé kóòtù fi fáìlì bo ẹnu. Adájọ́ dúró díẹ̀ bóyá ìdáhùn ń bọ̀. Nígbà tí kò rí i, ó fagi lé ẹjọ́, ó ní ìsọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e wá mọ́.

"Ṣé mo lè máa lọ?" Ìyá Aránṣọ bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé. "Àwọn oníbàárà mi máa ti dé."

"Ẹ máa lọ, ìyá. Ẹ ṣeun bọ́tìnì."

Ó lọ. Èrò lọ. Adájọ́ náà dìde. Wọ́n gbálẹ̀ kóòtù, wọ́n pa fèrèsé dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Àyàṣáájú sì wà lórí ìdúró níbi tí wọ́n ti bi í léèrè, ó ń ronú ìdáhùn.