Jíìpù Tí Mo Gbé Sókè Nítorí Bàbá Rọ́fíátù

Bí mo bá darúgbó tán, tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò rò pé mo lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé kan báyìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wa jíìpù mi wọ ọgbà mẹkáníìkì kan ní Igando, mo sì ní kí wọ́n bá mi gbé e sókè.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Egan ni Rọ́fíátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ń gbé. Tí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà ilé wọn a di odò. Bàbá náà ti kọ́kọ́ ní kí n wá kí àwọn nígbà kan. Mo wa mọ́tò dé etí omi, mo wò ó, mo ṣírò bí ó ṣe jìn tó, mo sì yí padà sílé. Nígbà tí Rọ́fíátù ròyìn fún wọn, ìbéèrè kan péré ni bàbá, káfíńtà àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bi í: "Ṣé mọ́tò rẹ̀ ló dá a padà ni, àbí ọkàn rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Wọ́n tún fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí. Rọ́fíátù ní kí n kúkú gun ọ̀kadà. "Tí o bá tún yí padà," ó ní, "má wulẹ̀ pè mí mọ́ o." Ṣùgbọ́n mọ́tò àti ọkàn ni bàbá béèrè. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ débẹ̀.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn kan máa ń gé táyà àlòkù, wọn a kì í sáàárín sípíríǹgì. Mọ́tò á ga lóòótọ́, àmọ́ gbogbo kòtò ni yóò máa bá ẹ̀yìn èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a gbé irin róbótó lé orí sípíríǹgì. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ni yóò máa gbé ẹrù. Èyí tí mo yàn ni kí n pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tó gùn jù ú lọ, kí n fi ṣọ́ọ̀kù tó bá a mu tì í, kí táyà náà sì tóbi díẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní kí n gbé e sókè ní ínṣì mẹ́rin. Mo ní rárá. Bí mọ́tò bá ṣe ń ga sí i ni ó ṣe ń rọrùn fún un láti dojú dé. Ínṣì méjì ni mo fara mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá," Ọ̀gá Múfútàù mẹkáníìkì wí, "ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ gbé sókè ni, àbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ìbéèrè yín pọ̀ ju nọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ tú lọ jàre."

Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo sì ń béèrè lọ. Èmi ni mo ní kí a wo rọ́bà tí òróró bírékì ń gbà kọjá. A wò ó: ó ti nà tán bí okùn ìsáṣọ. A pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo tún ní kí wọ́n tú irin tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó wọ mọ́tò kúrò lábẹ́ ilẹ̀kùn, kó má baà máa wọ́ nínú omi.

"Báwo lẹ ṣe máa sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi gùn," ni mo fèsì.

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí jáàkì, ìdí rẹ̀ ga, orí rẹ̀ dorí kodò. Àwọn sípíríǹgì iwájú ò tíì jókòó dáadáa. Ọ̀gá Múfútàù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, mọ́tò yín ti forí kanlẹ̀. Ó ti ń kírun ṣáájú yín!" Wọ́n tún un ṣe, ó sì dúró ṣánṣán. Kí n má purọ́, ó wù mí débi pé mo yí i ká lọ, mo yí i ká bọ̀.

Mo sáré lọ sílé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin láti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. Gbogbo nǹkan ni mo ti wọ̀n, àfi irin tó wà lókè géètì wa. Irin tí a ń di ẹrù sí lórí jíìpù há sí i gbọnyin. Kò lè wọlé, kò lè jáde.

"Ẹ wá wo ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ga ju ilé lọ!" Ìyá onílé pariwo.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mọ́tò tí mo ti ń gbé sókè láti àárọ̀, èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ń tú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ dànù kó lè lọ sílẹ̀. Ó yọ. Mo wọ aṣọ funfun náà, mo lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà padà, mo sì forí lé Egan.

Omi náà wà níbẹ̀. Mo rọra wọ̀ ọ́, mi ò dúró, mi ò sáré. Omi ń pín sọ́tùn-ún, ó ń pín sósì. Àwọn tó ń ká ṣòkòtò sókè létí ọ̀nà dúró wò mí. Mo la odò náà já láìtutù. Ká ní ó ṣeé ṣe, mi ò bá padà lọ là á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Rọ́fíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àgbà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ayọ̀ ti gba làákàyè mi. Mo na orí jáde ní fèrèsé, mo ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, sà!"

Bàbá gbójú sókè.

"Ta ló ń kí mi látòkè yẹn?"

Ọkọ ìyàwó lọ́la, ó jókòó sórí òkè, ó ń kí bàbá ìyàwó nísàlẹ̀! Mo ṣí ilẹ̀kùn wàrà, mo na ẹsẹ̀ wá irin ìtẹ̀sẹ̀. Irin wo? Mo fò lófo, mo sì balẹ̀ nínú ẹrẹ̀ gbalaja, àyà àti àgbọ̀n nílẹ̀, orí mi níwájú bàtà bàbá.

Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n kọjú sí àwọn àgbà méjì náà.

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ ìsinyìí ò mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ mọ́ ńkọ́? Nínú ẹrẹ̀! Nínú aṣọ funfun!"

"Ẹ má bínú, sà," mo ní, "ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Kò tiẹ̀ fẹ́ kí n yin òun."

"Bàbá, mo ṣubú ni, lóòótọ́."

"Dìde, ọmọ tó mọ ìtẹríba. Rọ́fíátù, bu omi fún un."

Rọ́fíátù ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wẹ̀, mo wọ jalamíà bàbá, tí kò kọjá orúnkún mi. A jẹun, wọ́n béèrè ìlú mi àti iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn fẹ́ dé títì, kí n fi mọ́tò náà gbé àwọn. Àga rọ́bà ni Rọ́fíátù gbé wá kí bàbá tó lè gun jíìpù tí mo tú irin ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo lọ dá irin ọ̀hún padà. Ẹni tó bá fẹ́ ga, kó kọ́kọ́ ro bí òun ṣe máa sọ̀kalẹ̀. Mo sanwó ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun kan, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín ara mi títí dòní.

Rọ́fíátù ní bàbá mọ̀ dájú pé mo ṣubú ni. Ìyá rẹ̀ ní wọn ò mọ̀. Èmi ò ní ẹ̀rí kankan. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé a la omi náà kọjá, a dé títì, ọ̀rẹ́ bàbá kan sì wo mọ́tò náà láti òkè délẹ̀, ó béèrè pé, "Ta ló gbé yín la omi yẹn kọjá?"

Mo wà níbẹ̀, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ. Bàbá ní, "Ọmọ mi ni."