Eyín tí Bàbá Àgbà Gbìn Ṣáájú Iléyá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilé wa fi ń pa òwe pé eyín ọ̀la kì í fọ́ egungun òní? Ẹ sún mọ́bí.

Nígbà tí agboolé wa ní Ìwó ṣì kún, a kì í fọwọ́ kan ẹran Iléyá àfi tí àgbà ilé bá kọ́kọ́ fi eyín fọ́ egungun ìhà àgbò, tí gbogbo wa sì gbọ́ "kà". Àgbà tí kò bá lè fọ́ ọ mọ́ yóò gbé egungun àti ìjókòó iwájú fún àbúrò rẹ̀. Bàbá àgbà wa, Bùsàrí, ló wà lórí ìjókòó náà nígbà tí eyín iwájú lókè tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí yọ dànù. Súnmọ́nù àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká bá yín gún tọdún yìí lódó ni?"

"Gún tìẹ. Tèmi ń bọ̀."

Ló bá lọ gbin eyín. Dókítà eyín ri irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ egungun inú erìgì, ó fi eyín fẹ́lẹ́ bò ó lórí.

"Bàbá, ẹ̀rín lèyí wà fún. Ẹ jẹ́ kí egungun di irin mú ná. Bí ẹ bá fi jẹ nǹkan líle, ó lè mì, ó lè kẹ̀, ó tiẹ̀ lè lu jáde sọ́nà imú."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Iléyá dé láìpẹ́. Súnmọ́nù ti fi ìdí wọ́ sún mọ́ àwo. Bàbá àgbà gé egungun jẹ. A gbọ́ "kà", a pàtẹ́wọ́, a jẹun. A ò mọ̀ pé egungun àgbò kọ́ ló dún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó tọ́jú àgbálùmọ̀ sẹ́nu. Ó ní ata ló pọ̀. Nígbà tó yá, ọyún ń jáde, ẹnu ń rùn, ìyá àgbà ká ẹní tirẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Síbẹ̀ kò gbà láti padà sọ́dọ̀ dókítà, kí Súnmọ́nù má baà gbọ́. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ń mu ògì, tí ògì tí Bàbá àgbà gbé sẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti imú.

Súnmọ́nù gbé ife kalẹ̀. A ń retí yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ká máa lọ."

Dókítà yọ irin, ó rán ihò náà pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Súnmọ́nù ló fọ́ egungun, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ya ẹran ara egungun náà wẹ́wẹ́ sẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ẹran Iléyá ò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Títí Bàbá àgbà fi kú, bó bá ti rí ẹni tó ń kánjú, á na ìka sí imú ara rẹ̀: "Ẹni tó bá ń jiyàn kó wá wo ibi tí ògì gbà jáde. Eyín ọ̀la kì í fọ́ egungun òní."