Ọfà Pupa Tí Tíṣà Adéríbigbé Fà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni. Ẹlòmíràn nínú yín á sọ pé òwe yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó dìde kó wá sọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ oyè ni, ọ̀rọ̀ oyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Oyè Baálẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdó-Àpáta. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ tó bá wu èèyàn ló fi ń júwe ilé baba rẹ̀. Bí ẹrù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, á fi òsì júwe, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ń du oyè gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí ilé baba rẹ̀ lójú àwọn ìjòyè. Bí wọ́n bá yàn án, àwọn ìjòyè á wá ṣí fìlà níwájú ilé náà, wọn á kí òkú tó sùn síbẹ̀, ẹni tí wọ́n yàn á sì wọ inú rẹ̀ lọ, á lo ọjọ́ méje níbẹ̀ láìjáde, kó tó di Baálẹ̀. Ibi tó bá júwe ni yóò wọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn méjì ló ń du oyè náà. Ọ̀kan ni Lápàdé tó ń ta pákó. Èkejì ni Baba Ògúntóyè, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ògúnrántí baba rẹ̀ ti jẹ Baálẹ̀ rí, ṣùgbọ́n láti ogójì ọdún tó ti kú, oyè kò wọ ilé wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Baba Ògúntóyè ti du ú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé kò sí ìkẹrin. Ó máa ń sọ fún Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Bí mo bá kú láìjẹ ẹ́, ojú wo ni n ó fi wo baba mi lọ́run?"

Jagun, olórí àwọn ìjòyè, ìlú ńlá ló ń gbé, orúnkún sì ti ń dùn ún fún ọdún mẹ́rin. Ogún ọdún rèé tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé Ìdó-Àpáta gbẹ̀yìn. Ó ránṣẹ́ pé, "Ayé ti lajú. Kí oníkálukú fi àwòrán ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kó na ọwọ́ sí ilé baba rẹ̀. Ẹni tí a bá yàn nìkan la máa wá bá nílé."

Lápàdé fi fóònù ya tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Mọrẹ́nikẹ́ ní àwòrán baba òun kò ní rí jákujàku bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Tíṣà Adéríbigbé lọ, ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú ńlá.

Èèyàn gidi ni Tíṣà. Ẹ̀rí ọkàn ni ìṣòro rẹ̀. Láyé àtijọ́, ètò kọ̀ǹpútà ayédèrú ló ń lò, èyí tí wọ́n jí ṣe, títí kòkòrò fi wọnú ẹ̀rọ tó jẹ àwòrán ìgbéyàwó tọkọtaya mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux lòun máa lò, àtàwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

"Kì í ṣe torí pé ọ̀fẹ́ ni," ló máa ń wí. "Kò sí àṣírí níbẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, tú u wò."

Ọ̀rọ̀ gidi. Àmọ́ irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju irun orí lọ, Tíṣà kò sì lè lo ọ̀kan láìkọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kẹta, Mọrẹ́nikẹ́ dé.

"Tíṣà, àwòrán Baba ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kánjú. Mi ò tíì mọ èyí tí n ó fi yà á."

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan hàn án. Ó ti fa ìlà sí i, ó ń fún irinṣẹ́ ní máàkì bí ọmọ ilé ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń ya àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ksnip gba méje. Flameshot gba mẹ́sàn-án, torí bí o bá ní kó dúró díẹ̀ kó tó yà, á dúró, bó bá sì yà á tán, ojú ẹsẹ̀ ló máa jẹ́ kí o fa ọfà pupa sórí àwòrán. Ọfà pupa yẹn wọ Tíṣà lára. Ó fà á sórí ohun gbogbo, títí dórí àwòrán ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tó ń tún àwòrán ṣe. GIMP mọ àwòrán gé, Krita mọ ọn kùn. Àwọn méjèèjì gba mẹ́jọ ààbọ̀. Ọkàn Tíṣà kò balẹ̀. Ó ṣètò ìdánwò àtúnṣe fún wọn, ìdánwò náà sì gba ọjọ́ mẹ́ta. GIMP fi ìdajì máàkì borí.

Ìgbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọjọ́ kẹwàá ti pé.

Ọ̀sán gangan ni Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé Ìdó-Àpáta, ó gbé e lé orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Baba Ògúntóyè jáde nínú agbádá sányán, ó dúró láàárín àgbàlá. Lápá ọ̀tún Baba ni ilé Ògúnrántí wà, ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Lápá òsì rẹ̀ ni ṣáláńgá tí ẹgbẹ́ obìnrin abúlé kọ́ lọ́dún tó kọjá: ọ̀dà funfun, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Baba na ọwọ́ ọ̀tún sí ilé baba rẹ̀. Tíṣà kò wo ilé, kò wo ṣáláńgá. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń wò.

Bọ́tìnnì kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni, n kì bá tí rí ìtàn sọ fún yín. Ṣé ẹ rí i, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà a máa fi èèyàn han ara rẹ̀ bí jígí ni, ọ̀tún á di òsì. Bó bá máa tọ́jú àwòrán, á yí i padà sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya ojú kọ̀ǹpútà, ohun tó wà nínú jígí ló yà yẹn. Tíṣà mọ èyí, ó ti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ rí. Àmọ́ bọ́tìnnì kámẹ́rà kò ní ọfà pupa. Ó fi Flameshot yà á.

Oòrùn ti bo gbogbo ẹ̀yìn Baba, kò sí ohun tó hàn níbẹ̀ ju funfun lọ.

"Kò burú," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀gbọ́n, bó bá di aago mẹ́rin, ẹ fi fóònù yín ya àgbàlá yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́. Màá gé Baba, màá gbé wọn síbẹ̀. Iṣẹ́ GIMP nìyẹn."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gé e dáadáa lóòótọ́. Ó gé etí agbádá títí dórí fọ́nrán òwú. Ó gbé Baba inú jígí sáàárín àwòrán àgbàlá tí fóònù kò yí padà, ó wá wo ibi tí ìka Baba na sí. Ilé funfun kan ló rí, ilẹ̀kùn rẹ̀ búlúù.

"Áà, Ògúnrántí kọ́lé o!" ni Tíṣà wí. Ó ní ìka àgbàlagbà kì í purọ́. Ó fa ọfà pupa láti orí ìka náà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí Baba ti sọ fún un sísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà: *Inú ilé yìí ni wọ́n bí baba mi sí. Inú rẹ̀ ni ó jókòó sí fún ọdún mọ́kànlélógún. Inú rẹ̀ ni a sin ín sí.*

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sáré gbé e lọ fún Jagun kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sáyè kí Baba rí i.

Àwọn ìjòyè gbé àwòrán méjèèjì kalẹ̀. Ògiri ilé baba Lápàdé ti lanu.

"Ẹ wo ilẹ̀kùn Ògúnrántí," ni Jagun wí. "Ẹni tó lè tọ́jú ilé baba rẹ̀ báyìí, á tọ́jú ìlú."

"Ilé náà kéré díẹ̀," ni ìjòyè kan wí.

"Àwọn àgbà àtijọ́ kì í fẹ́ ariwo."

Wọ́n yan Baba Ògúntóyè. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Inú Tíṣà dùn débi pé ó fi máàkì kan kún ti Flameshot.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá kí ilé, ayọ̀ ti yí Baba nínú láti òwúrọ̀. Mọrẹ́nikẹ́ tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ilé alámọ̀. Àwọn ìjòyè dé ṣáájú àkókò, Jagun di àwòrán mú, ó ń tẹ̀ lé ọfà. Tíṣà rí i tí wọ́n yà sí apá ibòmíràn.

"Tíṣà, ibo ni wọ́n ń lọ?" ni Mọrẹ́nikẹ́ bi í.

Tíṣà wo ẹní. Ó wo ilé alámọ̀. Ó wá wo ilẹ̀kùn búlúù. Kó tó la ẹnu, fìlà ti kúrò lórí gbogbo wọn, Jagun sì ti fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ògúnrántí o! Ọmọ rẹ la mú wá bá ọ. Ṣé o gbà?"

Ohùn àgbàlagbà kan wá dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé."

Jagun ló kọ́kọ́ dé títì. Orúnkún náà kò dùn ún mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n fi rí àwọn ìjòyè kó padà, Baba Ògúntóyè ti jáde, ó ti so ṣòkòtò rẹ̀ tán, ó ń wo àwòrán náà. Ó wò ó pẹ́.

"Tíṣà, ọwọ́ wo nìyí?"

"Òsì ni, Baba."

"Ọwọ́ wo ni mo nà?"

"Ọ̀tún ni, Baba."

"Ta ló wá gbé e sí òsì?"

Tíṣà fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jígí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Máàkì mẹ́wàá ló gbà, Baba."

Jagun, tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ti ṣí fìlà. Wọ́n ti béèrè, wọ́n sì ti gbọ́ "mo gbà." A kì í kí ilé méjì fún oyè kan. Kí Baba wọ ibi tó júwe, tàbí kí oyè lọ sọ́dọ̀ Lápàdé. Baba wo ilé baba rẹ̀ títí. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta náà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn obìnrin ti fi pákó dí ihò, wọ́n ti da ìsáàlì, oògùn apakòkòrò, síbẹ̀. Síbẹ̀, ṣáláńgá ni ṣáláńgá ń jẹ́. Ojú ti Tíṣà débi pé kò lè relé. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí fún ọjọ́ méjèèje, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹrin, Baba pè é.

"Tíṣà."

"Baba."

"Àwọn irinṣẹ́ rẹ yẹn, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Baba."

"Kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún èmi o," ni Baba wí.

Lọ́jọ́ keje, gbogbo Ìdó-Àpáta pé jọ, Lápàdé náà wá. Baba jáde, ó rù díẹ̀, wọ́n sì dé e ní fìlà Ògúnrántí baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Baálẹ̀ tuntun bá sọ, òfin ni títí ayé, nítorí náà kò sí ẹni tó wúkọ́. Baba yí sí ilé alámọ̀ náà. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó nà án sí ilé náà, ó wo àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá gbé ojú lé Tíṣà Adéríbigbé, ó ní:

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."