Ta Ló Máa Kọ Tòní?

Àga méjìlá ló wà nínú yàrá ìpàdé, àmọ́ èèyàn méjì péré ló ti dé. Ọ̀kan ni Alága, olórí ẹ̀ka ní yunifásítì, tó ń fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èkejì ni Ìyá Oníwèé, ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tàwọn yòókù. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, òun náà ló sì ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé láti ọdún mọ́kànlá. Ẹ má bi mí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe kan ara wọn. Èmi náà ò mọ̀.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ipò mi wù ọ́."

"Ó wù mí gan-an, ẹ̀gbọ́n."

Alága ní kò burú, àmọ́ ìpàdé máa ń pẹ́. Ta ló máa dáná fún ọkọ rẹ̀?

"Ọkọ mi ló ń dáná. Ṣebí ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá yín pẹ́ níbí."

Alága yí i gba ibòmíì. Ó ní obìnrin máa ń tètè bínú. Ìyá Oníwèé wá bi í pé ta ló ju ife tíì mọ́ ògiri lọ́jọ́sí.

"Ìyẹn kì í ṣe ìbínú. Ìpinnu ni."

"Bí mo ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn: Alága fi ife ṣe ìpinnu."

Alága wúkọ́. Ó ní kí òun kúkú sọ òótọ́: ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ló dára jù, wọn ò lè pàdánù ẹ̀. Àti pé àwọn ti fẹnu kò sórí ẹlòmíì níbi táwọn ti ń jẹun ọ̀sán.

"Ṣé ó wà lákọsílẹ̀?"

"Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé ohun tí ò bá sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀."

Ó ṣí ìwé ìpàdé oṣù tó kọjá, ó tì í sí i níwájú. Alága kà á jáde: bàbá tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dábàá Ìyá Oníwèé fún ipò olórí ẹ̀ka, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹnikẹ́ni ta kò ó, kò sẹ́ni tó fọhùn, ó di ìpinnu.

"Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní ká máa bá a lọ."

Ó nàka sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó bi í pé ọwọ́ ta nìyẹn. Alága yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ọwọ́ ẹ̀ náà ni.

"Mi ò kà á kí n tó fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Mo ti fi í ránṣẹ́ sọ́fíìsì àgbà. Èsì wọn dé láàárọ̀, wọ́n ti gbà."

Ẹsẹ̀ àwọn yòókù ti ń dún bọ̀ lọ́nà. Alága wo ìwé, ó wo àga ńlá tó ti ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí, ojú rẹ̀ wá fà ro.

"Ta ló wá máa kọ tòní?"

Ìyá Oníwèé ní kó kúkú máa kọ ọ́ lónìí, kí ọwọ́ ẹ̀ lè mọ́ ọn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi bírò lé e lọ́wọ́.

"Ẹ rọra kọ ọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi máa ń kà á kí n tó fọwọ́ sí i."